Ẹ̀rí Ẹnu Ọmọ Àgbàtọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ìwé kan ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò nínú abala yìí, ṣùgbọ́n a kò ní dúró lórí ìwé náà nìkan. A fẹ́ yẹ àwa tí a ń kà á wò pẹ̀lú. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Ìkirè àti ní Àpòmù nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé náà wáyé ń kọ wá lóminú, a kò sì fẹ́ gbé e mì.

Ìwé náà ni My Name Is Why, tí Lemn Sissay kọ, tó jáde ní ọdún 2019. Ọmọ Etiópíà ni ìyá rẹ̀, ó wá kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966. Ó bí ọmọkùnrin kan ní ẹ̀bá ìlú Wigan ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó sì ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tí yóò gbà á tọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí òun lè parí ẹ̀kọ́ òun. Wọ́n gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i láti yọ̀ǹda ọmọ náà pátápátá, ó kọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ náà ní orúkọ ara tirẹ̀, Norman, ó gbé e fún tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Kírísítì paraku, ó sì ní kí wọ́n mú un bí ọmọ tí a ti fi fún wọn láéláé. Ọdún 12 ni ọmọ yìí fi pè wọ́n ní bàbá àti ìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà fún ìjọba, wọ́n sì ya ara wọn kúrò lára rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ọmọ mẹ́rin ló tún gbé kó tó pé ọdún 18, èyí tó burú jù nínú wọn kò sì yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìgbà tó fẹ́ jáde kúrò lábẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé ìbí rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé Lemn ni orúkọ òun. Ní èdè Ámháríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "kí ló dé?" Wọ́n tún fún un ní lẹ́tà kan tí ìyá rẹ̀ kọ ní ọdún 1968, tó ń béèrè bí òun yóò ṣe gba ọmọ òun padà. Lẹ́tà náà ti wà nínú fáìlì láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì.

Fáìlì yìí gan-an ni Sissay fi kọ ìwé rẹ̀. Ó tó nǹkan bí 30 ọdún tó fi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú Wigan kí wọ́n tó kó o fún un ní ọdún 2015. Ó tẹ àwọn ojú ewé rẹ̀ sínú ìwé bí wọ́n ṣe wà, ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé yìí ti dára jù. Kò pariwo, kò sì gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé, ó lọ. Nígbà tí a bá ṣí ewé kejì, ọmọ náà ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú ilé kan náà, ní ọdún kan náà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kì í bẹ ọmọ yìí wò. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà á tọ́ ni ó kún inú fáìlì ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó, lójú wa, ni pé nígbà tó bá ti dé ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìtọ́jú, eré ni ó ń sá. Àwọn ènìyàn ń kọjá lọ kí a tó mọ ojú wọn. Ó sì dúró níbi tí ọmọ náà ti pé ọdún 18. Ìyá tó padà rí ní ilẹ̀ Gáńbíà ní ọdún 1988 kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni òǹkàwé mọ̀ ọ́n sí. Èyí ń fún àwọn kan láyè láti dá obìnrin náà lẹ́jọ́ láì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Èyí tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé kò kàn wá. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ nípa Farming. Fíìmù ni èyí, Adewale Akinnuoye-Agbaje ló kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní ọdún 2018. Ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló gbé kalẹ̀. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1967, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó tó nígbà tí wọ́n gbé e fún òyìnbó tọkọtaya kan ní Tilbury. Enitan ni wọ́n pe ọmọ náà nínú fíìmù, ẹni tí a ó fi ṣe ìtàn, a kò sì rò pé orúkọ náà ṣèèṣì bọ́ sí i. Ilé náà kún fún ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Èébú ni oúnjẹ àárọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà, kò gbọ́ èdè, ó dà bí àlejò láàárín ẹbí ara rẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìta òyìnbó onírun fífá, àwọn tó kórìíra ènìyàn dúdú, ó ń bá wọn lu ènìyàn dúdú. Ìtìjú àwọ̀ ara rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún fíìmù yìí ní ẹ̀bùn fíìmù Bìrìtéènì tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù Edinburgh ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n àwọn alámèyítọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwa náà rí i pé ìlùkulù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn lẹ́ẹ̀kẹfà, ojú a máa kú sí i, ẹni tó ń wò ó kò ní rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi ba ọmọ náà jẹ́.

Orúkọ fíìmù yẹn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń pe àṣà náà nìyẹn, bí ẹni pé ọmọ ni irúgbìn tí a lọ gbìn sí ilẹ̀ onílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà àti Gánà ti ń gbé ọmọ wọn fún òyìnbó ní ìlú kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn kò gba ọ̀dọ̀ ìjọba kọjá. Ìpolówó ni wọ́n ń fi sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ tọ́. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ báyìí tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀pọ̀ ìyá tó bá wo fíìmù náà ni yóò pòṣé pé irú abiyamọ wo nìyí. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ wo bí ayé ṣe rí fún wọn. Bàbá ń ka ìwé òfin tàbí ti ìṣirò owó, ìyá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ó ń ṣiṣẹ́ kí owó ilé lè wọlé. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, onílé òyìnbó kò fẹ́ dúdú, kò tún fẹ́ ọmọ. Kò sí ìyá àgbà, kò sí àbúrò, kò sí ará àdúgbò tí a lè gbé ọmọ sílẹ̀ fún. Wọ́n sì ti ilé wá pẹ̀lú àṣà tó ní ẹnìkan ní í bímọ, gbogbo ayé ní í bá a wò ó. Ohun tí wọn kò ṣírò ni pé nílé, bí a bá gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, ojú ẹbí wà lára ọmọ náà. Ojú ta ló wà lára ọmọ Yorùbá ní Tilbury? Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ẹnu ìyá, kó ka Second-Class Citizen tí Buchi Emecheta tẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Yóò rí bí gbogbo àwọn tó yí Adah ká ní London ṣe ń rọ̀ ọ́ pé kó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó, àti bí ó ṣe kọ̀ jálẹ̀. Ó rí i bí ohun tó nira, ṣùgbọ́n ó ṣeé kọ̀. Nítorí náà a kò sọ pé àwọn òbí náà kò jẹ̀bi. A ní ẹni tó bá fi èébú ìyá parí ọ̀rọ̀ ti jáwọ́ nínú ìwé náà kó tó dé àárín rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìdáhùn tiwọn jẹ́ ìtùnú. Wọ́n ní ó ṣáà di ènìyàn. Lóòótọ́, Sissay di gíwá àgbà Yunifásítì Manchester láti ọdún 2015 sí 2022. Akinnuoye-Agbaje kàwé òfin ní King's College ní London, ó sì di òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n ní ìyà ló sọ wọ́n dènìyàn. Àwọn àgbà wa mìíràn a tún fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ, wọn a ní bí kì í bá ṣe ẹgba tí àwọn jẹ nílé onílé, àwọn kò ní gbọ́n.

Victoria Climbié kò kọ ìwé kankan. Ọmọ Côte d'Ivoire ni, láti Abobo ní Abidjan. Àbúrò òbí àgbà rẹ̀ kan wá láti ilẹ̀ òyìnbó, ó ní òun yóò mú un lọ kàwé, àwọn òbí rẹ̀ sì gbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa ìbá ti gbà. Ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ni wọ́n fi mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1999, nítorí náà Anna ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000 ó kú ní London, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú ọgbẹ́ 128 ni àwọn dókítà kà lára rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn ní ọdún 2001. Nínú ìwádìí tí ìjọba ní kí Lord Laming ṣe, tó jáde ní ọdún 2003, a rí i pé ìgbà 12 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àǹfààní láti gbà á là. Àwọn dókítà rí i, ọlọ́pàá gbọ́ nípa rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ọmọ dé ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé ìyà ló ń sọ ọmọ dènìyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ti Victoria kún ìṣirò wọn. Ẹni tó yè nìkan ló ń kọ ìwé.

Èyí tó ká wa lára jù ni a fi sí ìkẹyìn, nítorí ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí ni ó ti wọ́pọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tó fi tú àṣírí àwọn tó fún un lóúnjẹ fún ọdún 12? Wọ́n ní àìmoore ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, Ọlọ́hun sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fún wa. Ẹni tó bá bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀.

A kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣírí ta ni? Ẹni tó ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó láàárín òun àti Ọlọ́hun rẹ̀, a máa bò ó. Ẹni tó ń fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àṣírí tirẹ̀ nìkan mọ́. Ìdajì rẹ̀ ti ọmọ náà ni. Ẹ ṣí Àlùkùránì, súrà An-Nisá, áyà 148. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé Ọlọ́hun kò fẹ́ kí a máa gbé ọ̀rọ̀ búburú síta, ó sì yọ ẹnìkan sílẹ̀ nínú òfin náà, ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí. Áyà tó tẹ̀lé e ń pè wá sí ìdáríjì, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ètò rẹ̀. Àyè láti sọ ọ̀rọ̀ ni ó ṣíwájú. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dárí ohun tí a kò jẹ́ kó sọ jì.

Ohun mìíràn wà tí a kì í sábà rò. Gbogbo wa la mọ hádíìsì Anas ọmọ Malik. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá kó máa ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà, ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Anas ló jẹ́ ká mọ̀ pé Ànábì kò fìgbà kan ṣíọ̀ òun, kò sì bá òun wí nítorí iṣẹ́ tí òun ṣe tàbí èyí tí òun kò ṣe. Ta ló jẹ́rìí sí bí ilé náà ṣe rí? Kì í ṣe àwọn àgbà tó ń wọlé tó ń jáde. Ọmọ tí wọ́n mú wá ni, òun ló sì sọ ọ́ nígbà tó dàgbà. Ẹ̀rí ẹnu ọmọ tó gbé nílé ẹlòmíràn ni a fi ń kọ́ ara wa ní ìwà Ànábì láti ìgbà náà títí di òní. Bí a bá gba ẹ̀rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nígbà tó jẹ́ oore ni ó sọ, kí ló dé tí a ó fi ní kó panu mọ́ nígbà tó bá jẹ́ ìyà?

Ọ̀rọ̀ Zayd ọmọ Haritha náà wà ńlẹ̀. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á, ó bọ́ sí ilé Ànábì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá a dé Mẹ́kà, ọmọ náà ni Ànábì ní kó yàn. Zayd fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lọ. Lẹ́yìn náà ni súrà Al-Ahzab wá kọ́ wa pé kí a máa fi orúkọ bàbá wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́, ó sì tún di Zayd ọmọ Haritha, àmọ́ ìfẹ́ àárín wọn kò dín kù. Ẹ wá fi èyí wé ọmọ tí wọ́n sọ ní Norman, tí wọ́n fi lẹ́tà ìyá rẹ̀ pamọ́ fún, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tiwa, àwọn ojú ewé tí Sissay ti kọ nípa orúkọ wọ̀nyí ni Mùsùlùmí yẹ kó kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa tó wà ní Ìkirè àti Àpòmù, ó yẹ kí irú ìwé báyìí tètè yé wa. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ fi hàn pé ní ọjà Àpòmù, ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá ná ọjà, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ìyẹn ti kọjá lọ. Lónìí, ọmọ ń ti ìlú mìíràn wá sọ́dọ̀ wa láti kọ́ kéwú, láti kọ́ṣẹ́, láti bá ìyá kan gbé kó máa lọ sílé ìwé. Ọ̀pọ̀ àáfà wa ló ń fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ tiwọn bọ́ ọmọ tó gbé wàláà wá, Ọlọ́hun yóò san wọ́n lẹ́san. Àmọ́ ẹ dúró létí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń dẹ̀rọ̀ ní Ìkirè, kí ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú dòdò Ìkirè nínú ewé. Èwo nínú wọn ló ń bá ìyá rẹ̀ tà á ní ọ̀sán tí ilé ìwé ti parí, èwo ni kò ní jẹun alẹ́ bí ọjà kò bá tán? Ojú lásán kò lè mọ̀. Ẹni tó ra dòdò kò béèrè. Àwa náà ń rà á, ó sì ń dùn mọ́ wa lẹ́nu.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ kí ẹ rò pé òyìnbó ló burú tí ilé wa sì dára. Fíìmù kan wà tó ń jẹ́ The Last Tree, tí Shola Amoo, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 2019. Ọmọ tó wà níbẹ̀, Femi, ìdùnnú ni ó fi ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó tó gbà á tọ́ ní ìgbèríko Lincolnshire. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí London ni ayé wá le fún un. Ìyá náà ń lù ú, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. A fẹ́ràn fíìmù yìí ju Farming lọ, nítorí kò yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó jẹ́ kí a rí ìyá náà bí òun náà ṣe rẹ̀ nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ojú ọmọ náà sì ni a fi ń wo ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àní ní Èkó níbi tó ti bá bàbá rẹ̀ pàdé.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé àti fíìmù tí a dárúkọ wọ̀nyí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí ẹni tó dàgbà nílé kéwú tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní àgbègbè wa yóò fi Yorùbá kọ kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe ti oore, ì báà ṣe ti ìyà, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Kó má dárúkọ onílé, kó má dárúkọ àdúgbò. Bí kò bá sì fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ jáde, a ó yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó wá sọ ọ́, a ó bá a kọ ọ́ bí ó bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.